Kí O Tó Wọkọ̀ Òfuurufú Lọ Ṣiṣẹ́ Àánú

Tètè yẹ ìwé ìrìnnà rẹ wò. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló fẹ́ kó ṣì ku oṣù 6 kó tó parí. Má fi físà ìgbafẹ́ lọ ṣiṣẹ́, bí wọn ò tilẹ̀ ní sanwó fún ọ.

Tí wọ́n bá béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó ku ọjọ́ 4 kí n gbéra ni mo gba tèmi, ni mo bá ní láti sún ìrìn àjò mi síwájú.

Kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíra wọn níbẹ̀. Ìwàásù ni mo rò pé wọ́n á gbé fún mi; kíka kúbùsù ni mo fi oṣù kìíní ṣe, ìkíni yẹn ló sì sọ mí di ọmọ ilé. Má sì sọ pé ẹni tó bá gbàdúrà pẹ̀lú rẹ nìkan ni yóò gba ìrànwọ́.