Bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀ àwùjọ

Ní ọdún 1980, wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan dé ilé ìwòsàn ní ìpínlẹ̀ Florida, ní Amẹ́ríkà. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ tó ń sọ èdè Spanish ní ó "intoxicado". Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé nǹkan tó jẹ ló ṣe é. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọ ọ́, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó lo oògùn olóró. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú ọpọlọ rẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ. Wọn kò pe ògbufọ̀, nítorí tọ̀tún-tòsì rò pé ọ̀rọ̀ ti yé àwọn.

Irú ibẹ̀ ni ògbufọ̀ àwùjọ ti ń ṣiṣẹ́: ọ̀dọ̀ dókítà, ilé ẹjọ́, àgọ́ ọlọ́pàá, ilé ìwé, ọ́fíìsì ìjọba. Iṣẹ́ náà kò jọ ti ògbufọ̀ ìpàdé ńlá tó jókòó sínú yàrá gíláàsì, tó ń túmọ̀ síhà kan fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni méjì ló wà níwájú tiwa, ọ̀rọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ara ń ni tàbí tí ẹ̀rù ń bà. Gbígbọ́ èdè méjì kò tó fún un. Ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ ni bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣe máa gba ẹnu yín kọjá láìdín, láìlé.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ èdè méjèèjì wò

Ẹ tan agbohùnsílẹ̀ orí fóònù, kí ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ilé ìwé fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi èdè kejì tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Tí ẹ bá ń gbọ́ ọ, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ti ọ̀rọ̀ èdè kan bọ èkejì. Bó bá ti ju mẹ́wàá lọ, èdè ni kí ẹ tún ṣe kí ẹ tó sanwó ẹ̀kọ́ kankan. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbọ́ Yorùbá inú ilé dáadáa ni kò mọ ohun tí à ń pè ní kíndìnrín tàbí onídùúró.

Èdè wa ní kòtò tirẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ ti mọ ibi tí wọ́n wà kí ẹ tó dé iwájú adájọ́. "Ó" kì í sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. "Wọ́n" lè jẹ́ èèyàn mẹ́wàá, ó sì lè jẹ́ bàbá kan ṣoṣo: bí obìnrin bá ní "wọ́n lù mí," tó jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ló ń bọ̀wọ̀ fún, tí ẹ wá sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹjọ́ ti dojú rú nìyẹn. "Ẹsẹ̀ ń dùn mí" lè jẹ́ itan, ó lè jẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ìjẹta jọ ọjọ́ mẹ́ta létí, ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni. Ẹni tó gbọ́ márùndínlọ́gọ́ta, tí "ọgọ́ta" tó wà nídìí rẹ̀ mú un sáré kọ 60, ti ṣìnà, 55 ni.

Èyí tó le jù ni ìbéèrè tí "kò" wà nínú rẹ̀. "Ṣé o ò lọ síbẹ̀?" "Bẹ́ẹ̀ ni." Lọ́dọ̀ wa, onítọ̀hún gbà pé òun kò lọ. Bí ẹ bá ju "bẹ́ẹ̀ ni" lásán sí Gẹ̀ẹ́sì, agbẹjọ́rò lè gbọ́ ọ pé ó lọ. Ẹ sọ fún ilé ẹjọ́ pé ìdáhùn náà lè ní ìtumọ̀ méjì, kí wọ́n bi ìbéèrè náà láìsí "kò" nínú rẹ̀.

Ẹ yan ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń lo ẹnu

Òfin yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ní Amẹ́ríkà, àjọ méjì tó ń fún ògbufọ̀ ilé ìwòsàn ní ìwé ẹ̀rí béèrè ẹ̀kọ́ wákàtí 40, ó kéré tán, kí èèyàn tó ṣe ìdánwò. Ní Ọsirélíà, àjọ kan tó ń jẹ́ NAATI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1977, ló ń fún ògbufọ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Ìlànà kan tún wà fún iṣẹ́ ògbufọ̀ àwùjọ tí gbogbo ayé lè lò, ISO 13611, tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2014. Wákàtí 40 kàn ṣí ilẹ̀kùn ni. Kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá olùkọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ náà, àti bóyá ẹni tó gbọ́ Yorùbá máa wà níbẹ̀ láti gbọ́ ìtumọ̀ yín. Ìdajì àkókò, ó kéré tán, yẹ kó jẹ́ ti ìdánrawò. Ẹ̀kọ́ tí ẹ ti ń jókòó wo àwòrán lásán kò lè tọ́ ahọ́n yín.

Ìrántí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ọ̀nà tí ẹ máa lò jù ni títúmọ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé: ẹnì kan sọ̀rọ̀, ó dákẹ́, ẹ túmọ̀. Ìrántí ló ń gbé e. Lójoojúmọ́, ẹ gbọ́ ìròyìn fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ pa á, kí ẹ sì tún un sọ ní èdè tí ẹ fi gbọ́ ọ. Ẹ má tíì kọ nǹkan kan, ẹ má sì tíì túmọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ohunkóhun kò sì já bọ́ mọ́, ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa tún un sọ ní èdè kejì. Àṣìṣe àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń há sórí. Ẹ wá àwòrán inú rẹ̀: ta ló ṣe kí ni, fún ta, nígbà wo, nítorí kí ni. Ẹni tó rí àwòrán náà kò ní sọ̀rọ̀ nù tó bá dọ́wọ́ èdè kejì.

Kíkọ nǹkan sílẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ìwé kékeré tó ń ṣí sókè ló dára, nítorí ọwọ́ kan lè ṣí i. Nọ́ḿbà, orúkọ, ọjọ́ àti ìwọ̀n oògùn ni kí ẹ kọ lójú ẹsẹ̀. Ìrántí kì í dá wọn mú. Ẹ máa kọ ọ́ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ìlà gígùn kan sí òpin ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. "Ṣùgbọ́n," "nítorí" àti "bí" ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ orúkọ lọ, nítorí àwọn ló so ọ̀rọ̀ pọ̀. Bí ẹ bá rí i pé orí yín ti tẹ̀ sínú ìwé tí ẹ ò gbọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn, ẹ ti ń kọ jù.

Ọ̀nà méjì tó kù kò ní pẹ́ yé yín, ṣùgbọ́n wọ́n ń tánni lókun. Ní ilé ẹjọ́, ẹ lè máa túmọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí etí ẹnì kan bí àwọn yòókù ṣe ń sọ̀rọ̀. Láàárín 20 sí 30 ìṣẹ́jú, àṣìṣe á ti máa pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí ògbufọ̀ méjì fi ń gbà á fún ara wọn. Èkejì ni kíka lẹ́tà ní èdè kan kí ẹ sì máa sọ ọ́ ní èkejì: ẹ ka gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó yanu.

Ẹ kó ọ̀rọ̀ jọ

Ẹ ya ìwé sí ọ̀nà mẹ́rin: ọ̀rọ̀ òyìnbó, àlàyé rẹ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀, àti ohun tí aláìsàn lè pè é. Ọ̀nà kẹrin yìí ló ń gba èèyàn là. Ibà lè jẹ́ ara gbígbóná, ó sì lè jẹ́ àìsàn tí ẹ̀fọn ń fà. Jẹ̀díjẹ̀dí tí ẹnì kan ń wí kọ́ ni ti ẹlòmíràn. Ògbufọ̀ kò gbọ́dọ̀ yan àìsàn fún dókítà. Ẹ sọ pé ọ̀rọ̀ náà ju ìtumọ̀ kan lọ, kí dókítà bi aláìsàn bó ṣe ń ṣe é. Ẹ má fi àtọ̀gbẹ pe àtọ̀sí.

Ọ̀rọ̀ tó ń tini lójú náà wà nínú rẹ̀. Ẹ mọ ojú ara, abẹ́ àti nǹkan oṣù, kí ẹ sì mọ àwọn tí kò ní àdàpè. "Ó bá mi sùn" àti "ó fipá bá mi lò pọ̀" jìnnà síra gan-an. Èyí tó bá jáde lẹ́nu obìnrin náà ni kó jáde lẹ́nu yín. Èébú náà, ẹ bú u bí wọ́n ṣe bú u.

Nínú yàrá

Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè ọ́fíìsì, kí ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè máa wo ojú ara wọn. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ èyí ní èdè méjèèjì: "Èmi ni ògbufọ̀ yín. Gbogbo ohun tí ẹ bá sọ ni màá túmọ̀. Kò sí èyí tí màá fi kún un, kò sí èyí tí màá yọ, mi ò sì ní sọ ọ́ níta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sinmi lẹ́yìn gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta."

Bí dókítà bá ní "mo fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára yín," ẹ sọ "mo fẹ́." Bí ẹ bá ń sọ "dókítà ní òun fẹ́," kò ní pẹ́ tí aláìsàn á fi máa bá yín sọ̀rọ̀ dípò dókítà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ tiyín gan-an, ẹ pe ara yín ní ògbufọ̀: "Ògbufọ̀ fẹ́ béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan." Kí ẹ sì sọ fún ẹnì kejì ohun tí ẹ béèrè, kó má rò pé ẹ ń gbìmọ̀ pọ̀. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Àgbàlagbà á pè yín ní "ọmọ mi," á ní "bá mi bẹ̀ wọ́n" tàbí "má sọ ìyẹn fún wọn." Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, nítorí a ti kọ́ wa láti kékeré pé a kì í kọ̀ fún àgbà. Ẹ rán wọn létí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ ni ẹ máa túmọ̀. Tí dókítà bá jáde, kí ẹ̀yin náà jáde. Inú yàrá tó ṣẹ́ ku ẹ̀yin méjì ni irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé.

Ìdánwò àti iṣẹ́ àkọ́kọ́

Oṣù méjì kí ìdánwò tó dé, ẹ wá ẹni méjì tí ẹ lè jọ máa dánra wò: ọ̀kan á ṣe dókítà, èkejì á ṣe aláìsàn, ẹ ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ, ẹ ya àṣìṣe sí mẹ́ta: ohun tí ẹ fò, ohun tí ẹ fi kún un, ohun tí ẹ yí padà. Àṣìṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń wà lójú kan. Èyí tó bá pọ̀ jù ni kí ẹ dojú kọ.

Ẹ gba iṣẹ́ kékeré ṣáájú, bí ìpàdé òbí àti olùkọ́, kí ẹ tó dé ilé ẹjọ́. Bí wọ́n bá pè yín síṣẹ́, ẹ béèrè orúkọ àwọn tó máa wà níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Bó bá jẹ́ ẹbí yín, ẹ kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tí ìmọ̀ yín kò ká, ẹ kọ òun náà. Tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ ya ìwé tí ẹ kọ nǹkan sí wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó fi "mo" sọ ìtàn ìfìyàjẹni fún wákàtí kan yóò gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ relé: ẹ má gba iṣẹ́ mìíràn mọ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì wá ògbufọ̀ àgbà kan tí ẹ lè sọ bó ṣe rí lára yín fún, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.