Ọgbẹ́ kékeré lójú, eegun tó ti ṣẹ́ lábẹ́: àwọn àṣìṣe wa ní pàjáwìrì

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n gbé ọkùnrin náà dé, ó fi àǹkárá ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ló ká a lọ́wọ́ mọ́. Ọgbẹ́ náà kò ju èékánná lọ. Aago méjì ọ̀sán ti kọjá kí abẹ́rẹ́ apakòkòrò àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́ lára. Kò sẹ́ni tó sùn nínú wa o. Ńṣe ni oníkálukú ń dúró de ẹlòmíì.

Ẹ má dúró de X-ray. Òun ló ń jẹ wá níyà jù. Bí ọgbẹ́ bá wà lórí ibi tó wú tàbí tó wọ́, ẹ kà á sí eegun tó ṣẹ́ tó sì lu awọ, títí X-ray yóò fi sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí American College of Surgeons, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2015 ní kí apakòkòrò wọ iṣan láàárín 60 ìṣẹ́jú tí aláìsàn bá dé. Kó dé ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n wí, kì í ṣe ìgbà tí dókítà eegun bá ráyè. Ẹ ṣáà bi í bóyá abẹ́rẹ́ kan ti ṣe é léṣe rí.

Ti káàdì àti owó ńkọ́? Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014, abala 20, kò gba kí a kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ òfin kì í ra oògùn. Kí mọ̀lẹ́bí tó ti famasí ìta dé, wákàtí ti lọ. A wá kó abẹ́rẹ́ díẹ̀ sínú páálí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, pé kí wọ́n san án tó bá yá. Àwọn ọ̀gá kọ́kọ́ fajú ro.

Ẹ yéé tú báńdéèjì fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi omi iyọ̀ ọsibítù fọ ìdọ̀tí tó hàn, ẹ fi gọ́ọ̀sì tútù bò ó, kí ẹ fi igi dè é. Ẹ bọ́ òrùka kí ọwọ́ tó wú. Ẹ má gbàgbé abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ẹni tó bá ní "ilẹ̀kùn ló gbá mi," tí ọgbẹ́ sì wà lórí oríkèé ìka, ẹ ní kó di ẹ̀ṣẹ́ kí ẹ tó gbà á gbọ́. Bó bá na ìka, ihò tí eyín ẹni tó fi ẹ̀ṣẹ́ lù lẹ́nu dá sínú oríkèé á sá pamọ́ sábẹ́ awọ. Ẹ má rán irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pa láéláé.

Ẹ má sì kọ "a ti fún un" lásán. Ẹ kọ aago tó dé àti aago tí abẹ́rẹ́ wọlé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú fáìlì ọkùnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ yẹn, 10:25 ni dókítà kọ pé kí a fún un ní kíá, kò sì sí aago mìíràn níbẹ̀. Ẹni tó bá kà á lónìí á gbóṣùbà fún wa.