Bí mo ṣe kọ́ àwọn asáré mẹ́rin ní gbígba ọ̀pá nínú relay 4 × 100

Nínú eré yìí, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sá nǹkan bíi mítà 100, á sì gbé ọ̀pá fún ẹni tó kàn. Ọmọbìnrin mẹ́rin ni wọ́n, ọmọ ọdún 15 sí 17. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ní, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn yá, àmọ́ ọ̀pá ń pẹ́ lọ́wọ́ wọn: ẹni tó máa gbà á ń wẹ̀yìn wò, ẹni tó ń gbé e bọ̀ náà ń dẹwọ́ eré kó má baà kọ lù ú.

Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹni kìíní àti ẹni kẹta fi dì í mú, kí wọ́n lè rọ̀ mọ́ inú kọ́nà. Ọwọ́ òsì ni ti ẹni kejì àti ẹni kẹrin. Kò sẹ́ni tó ń pààrọ̀ ọwọ́ lójú eré.

Tí ara bá ti gbóná fún ìṣẹ́jú 20, a óò ṣe é lórí ìdúró, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ìrìn, ká tó fi sáré. Ẹni tó ń gbà á á na apá sẹ́yìn, kó ga dé ejìká, kí atẹ́lẹwọ́ kọjú sẹ́yìn, kí àtàǹpàkò dojú kọlẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ á ké "Ọwọ́!", á sì ti ọ̀pá náà tààrà sínú atẹ́lẹwọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn ti na apá kó tó gbọ́ igbe. Ta ló lè sáré dáadáa pẹ̀lú apá kan lẹ́yìn?

Àmì ilẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an. Mítà 30 ni àyè tí ọ̀pá ti gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọwọ́. Láti ìlà àkọ́kọ́ àyè náà, mo ní kí ẹni tó máa gba ọ̀pá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn ilẹ̀ sẹ́yìn, gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka, nínú bàtà tó máa fi sáré. A bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ 24, mo fi ẹfun fa ìlà síbẹ̀. Gbàrà tí ẹni tó ń bọ̀ bá tẹ ẹfun, kó gbéra, kó má wẹ̀yìn mọ́.

Bí wọ́n bá lé e bá kíákíá, ó pẹ́ kó tó gbéra; mo sún ẹfun sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ méjì. Bí ọwọ́ ò bá tó o, ó ti tètè lọ jù. Mo fà á súnmọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń wò ó kí n tó fọwọ́ kan ẹfun, nítorí nígbà míì ẹfun ò ṣẹ̀, ọmọ ló gbéra kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Ìpààrọ̀ kejì parí sí ẹsẹ̀ 27, ẹ̀kẹta sí ẹsẹ̀ 25. Láàárín mítà 20 sí 25 nínú àyè náà ni mo fẹ́ kí ọ̀pá bọ́ sọ́wọ́: eré ti wọ ẹni tó ń gbà á lára, ààyè díẹ̀ sì kù fún àṣìṣe. Ibi tí ọ̀pá wà ni adájọ́ ń wò, kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn.

Eré àsápajúdé ò ju mẹ́rin lọ lọ́jọ́ kan, ìsinmi ìṣẹ́jú 5 sí 6 láàárín. Tó bá ti rẹ ẹni tó ń bọ̀, àmì á parọ́. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lù ú níwájú náà nìyẹn. Mo máa ń fà á súnmọ́ ní ẹsẹ̀ kan.

Mo ń ka àkókò ọ̀pá láti ìlà dé ìlà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìpààrọ̀ kejì gba ìṣẹ́jú àáyá 4.4; ní ìparí, 3.9.