Ọjọ́ Tí Ara Bá Yá Ni Kí Ẹ Ṣọ́ra Jù: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé Lẹ́yìn Àrùn Kòrónà

Láti oṣù kejì ọdún 2020 tí kòrónà ti wọ Nàìjíríà ni wọ́n ti ń pariwo ọwọ́ fífọ̀ àti ìbòmú sí wa létí. Ìwé yìí kò ní tún un sọ. Nítorí ẹni tí àrùn náà ti ṣe, tó ti lọ, àmọ́ tí agbára rẹ̀ kò bá a padà wálé, la ṣe kọ ọ́.

Ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa ló là wá lójú. Ó ti tó oṣù 4 tí kòrónà ti ṣe é. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ara rẹ̀ yá, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó kọ ebè 200 kí oòrùn tó wọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ṣì ń bá wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé ife omi sí i lẹ́nu. Ọjọ́ 11 ló lò lórí ẹní. Bó ṣe dìde, ó tún ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Koríko borí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, owó tó yá fi dáko sì wọgbó.

Àṣìṣe tí à ń rí káàkiri nìyẹn: kí ara yá lónìí, kéèyàn fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣoṣo san gbèsè iṣẹ́ oṣù 3.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ láti oṣù kẹwàá ọdún 2021: bó bá di bí oṣù 3 tí kòrónà ti bẹ̀rẹ̀ lára ẹni, tí àmì àìsàn ṣì wà, tó ti lò tó oṣù 2 ó kéré tán, tí kò sì sí àìsàn mìíràn tó fà á, ohun tí à ń wí nìyí, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní long COVID. Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: Àárẹ̀ tí oorun kò wò. Èémí tó ń já. Kí nǹkan máa fò kúrò lọ́kàn bí ẹni pé kùrukùru bo ọpọlọ. Àyà a máa lù kì-kì-kì bí a bá dìde. Ó ń mú ẹni tí kòrónà kò dá dùbúlẹ̀ pàápàá. Àjẹkù àìsàn yìí kì í ràn, kì í ṣe àsàsí, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pe ẹni tí kò lágbára ní ọ̀lẹ.

Bí a ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ wo iye tí ẹ rò pé agbára yín ká, kí ẹ pín in sí 2. Ẹni tó rò pé òun lè kọ ebè 40, kó kọ 20, kó gbé ọkọ́ jù sílẹ̀. Kì í ṣe 25. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 10, ìsinmi ìṣẹ́jú 20 lábẹ́ ibòji. Fóònù títẹ̀ kì í ṣe ìsinmi. Wákàtí 12 sí 48 ni àárẹ̀ náà sábà máa ń sá pamọ́ kó tó ki èèyàn mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ má tíì yọ̀ títí ọjọ́ 2 yóò fi kọjá. Bí ọjọ́ 7 bá pé tí kò sí ìfàsẹ́yìn, ẹ lè fi ebè 2 kún un. Bó bá ti fà yín sẹ́yìn, ẹ padà sí ìdajì. Ẹ máa kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà lálaalẹ́.

Ẹni tó ń pọn omi, kẹ́ẹ̀gì lítà 10 ni kó gbé, kì í ṣe 25. Ẹni tí èémí rẹ̀ ń já kò gbọdọ̀ sún mọ́ èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí.

Bí imú kò bá gbóòórùn mọ́, ẹlòmíràn ni kó máa yẹ gáàsì àti ọbẹ̀ àná wò, kí ẹ sì kó oògùn apakòkòrò kúrò nínú ike omi mímu. Ẹ wá kànáfùrù, ata ilẹ̀, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ àti ewé efinrin. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 20 gbóòórùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún oṣù 3 ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é fún ọ̀sẹ̀ 1, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́.

Ẹ yé sáré lọ gba omi sára ní kẹ́míìsì, ẹ sì yé lo oògùn ibà tí ẹ kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ṣúgà, ìfúnpá àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó wò. Ikọ́ tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 2, ẹ yẹ ikọ́ ife wò. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Àyà tó ń dunni, èémí tó ń já lórí ìjókòó, ẹsẹ̀ kan tó wú, ẹ̀jẹ̀ nínú ikọ́, tàbí ẹnu tó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan: ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ àáró, ẹ kọ ebè fún un bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kó jókòó sábẹ́ igi, kó máa gé igi ẹ̀gẹ́ tí ẹ ó gbìn. Àáró tó jẹ yín, ẹ má béèrè rẹ̀ lọ́dún yìí.