Fìlà Ẹtù Bàbá Mi àti Owó Àyẹ̀wò Tí Mo San Lẹ́ẹ̀mejì

Àyẹ̀wò kan ṣoṣo ni mo ṣe, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó rẹ̀. Owó kaṣú tí mo tà lọ́dún yẹn ló bá a lọ. Ohun tó sì fà á kò ju ọ̀rá búrẹ́dì lọ. Inú ń bí mi títí dòní, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi ṣáájú.

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wa ní Kàbà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Ìsánlú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Òkun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi." Ó ní ìyá òun ló ní kí òun wá mọ ilé bàbá òun. Ó jọ bàbá wa lójú àti nímú, ṣùgbọ́n ìjọra kò tó pín ilẹ̀. Màmá ló ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò DNA kí ọ̀rọ̀ má baà di ẹjọ́.

Ìrìn Èkó, ìwé fífọwọ́sí, ọ̀pá olówùú tí wọ́n fi ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwa méjèèjì, gbogbo ìyẹn kò le. Èsì àkọ́kọ́ ní Y wa, ìyẹn apá DNA tí ọkùnrin ń gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, bára mu. Inú mi dùn, àfi bí onímọ̀ láàbù ṣe ní kí n ṣe sùúrù. Ó ní bí Y bàbá ṣe rí náà ló sábà máa ń rí lára àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, àtìrandíran. Kan náà ni tèmi, ti bàbá wa àti ti àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì tó ti kú. Ọmọ ilé wa ni ọmọ yìí, a kò sì tíì mọ èwo nínú wọn ló bí i. Ó ní kí n wá ohun tó ti kan ara bàbá fúnra rẹ̀ wá.

Fìlà ẹtù ló kù. Láti ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú kúrò nílé ni Màmá ti fi ọ̀rá wé e, tó so ó lẹ́nu pinpin, tó tì í sísàlẹ̀ àpótí. Òógùn bàbá kò tíì gbẹ lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òjò sì wà nílẹ̀. Nígbà tí mo tú u, ó ń rùn, ó ti hu lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, funfun tótòtó. Mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n dáhùn, wọ́n ní kò ká, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ wọn kò rí èsì kankan kà lára fìlà náà. Mo bínú gan-an, mo ní kí wọ́n ṣàlàyé. Wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì awọ ara tó bọ́ sínú fìlà ni àwọn ń wá. Ọ̀rinrin inú ọ̀rá ti jí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín, wọ́n sì ti gé DNA náà wẹ́wẹ́. Ìyẹn nìkan kọ́. DNA tó ṣẹ́ kù kéré débi pé ẹ̀rọ ní láti máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀: yóò gbóná tó nǹkan bí 95°C kí okùn méjì tó so pọ̀ di DNA lè yà, yóò tutù, èròjà kan yóò sì sọ ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 28 sí 30. Aró ẹ̀lú ló di èròjà náà lọ́wọ́. Aró ara jíìnsì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹtù sì rèé, aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró títí tó fi fẹ́ẹ̀ dúdú! Ara ìgbátí fìlà gan-an ni wọ́n ti gé tiwọn.

Wọ́n ní kí n san owó mìíràn. Mo jà, mo bẹ̀bẹ̀, wọn ò gbọ́. Mo wá dé Èkó fúnra mi, mo yí fìlà náà sóde sínú níwájú wọn, mo sì fi ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú tí òógùn fà sára aṣọ funfun tí wọ́n fi tẹ́nú rẹ̀ hàn wọ́n. Aró díẹ̀ ti ràn án, ṣùgbọ́n kò tó ti òde. Mo ní, "Ẹ gé ibí." Wọ́n gé e, wọ́n fọ DNA rẹ̀ dáadáa, wọ́n là á lómi. Èmi ni mo rí ibẹ̀, mo sì ń fi yangàn.

Nínú ibi tó lé ní 20 tí wọ́n ń yẹ̀ wò lára DNA, 17 ló ká. Nọ́ńbà méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní níbi kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Níbi mẹ́tàdínlógún yẹn, ọmọ Ìsánlú ní ọ̀kan nínú ti bàbá wa. Bàbá wa ló bí i.

Tó bá kàn yín, ẹ má fi ọ̀rá wé e. Ẹ jẹ́ kó gbẹ níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kì í ṣe nínú oòrùn, kí ẹ wá fi sínú àpò ìwé. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn dé e. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò ṣe tí kò bá ká, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ihò méjì ló wà lára fìlà náà nígbà tó padà dé. Màmá kò jẹ́ kí n lẹ̀ ẹ́. Inú àpò ìwé ló wà báyìí, àbúrò mi láti Ìsánlú ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ bàbá wa sára àpò náà.