Kí Igi Orí Àpótí Oyin Lè Dọ́gba: Bí A Ṣe Ń To Fẹ́ǹsì Ayùn Orí Tábìlì

Àpótí oyin tí wọ́n ń pè ní ti Kẹ́ńyà kò ní férémù, ìyẹn igi onígun mẹ́rin tí oyin ń mọ afárá sínú rẹ̀. Igi pẹlẹbẹ la máa ń tò sórí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lára àwọn igi yẹn sì ni kòkòrò oyin ń so afárá rọ̀ sí. Fún oyin ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, mìlímítà 32 ni fífẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan, bí ínǹṣì kan àti ìdámẹ́rin. Bí ó bá fẹ̀ jù tàbí tín-ín-rín jù, afárá á yà kúrò lórí igi tirẹ̀ bọ́ sórí èkejì. Ọjọ́ ìkórè lẹ óò wá rí i pé ẹ kò lè gbé igi kan láìfa èkejì ya. Ìdí nìyí tí a fi ń bá olùsìn oyin sọ̀rọ̀ ayùn orí tábìlì, ìyẹn ayùn roboto tó ń yí, tó yọrí láti abẹ́ tábìlì.

Fẹ́ǹsì ni irin tàbí pákó gbọọrọ tí igi ń fara tì bí a bá ń tì í lọ sẹ́nu ayùn. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa, pákó kan tí a fi kíláǹpù méjì dè mọ́ tábìlì ni. Kò burú, bó bá ṣáà ti tọ́.

Ẹ kọ́kọ́ yọ pulọ́ọ̀gì. Ẹ má sọ pé iná kò sí. Iná tí wọ́n mú lọ kì í ránṣẹ́ kó tó dé.

Ẹ gbé ayùn sókè tán. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín kan tó tẹ̀ sápá fẹ́ǹsì. Ẹ yí i wá síwájú, ẹ wọn àyè tó wà láàárín òun àti fẹ́ǹsì. Ẹ yí eyín kan náà lọ sẹ́yìn, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Eyín kan náà ni o, nítorí eyín ayùn kì í dọ́gba délẹ̀. Bí iye méjèèjì kò bá bára mu, ẹ dẹ kíláǹpù ẹ̀yìn, ẹ gbá pákó náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ dè é, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n, torí dídè gan-an máa ń sún un. Bí tábìlì bá ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ lójú, ẹ fi kòtò yẹn yẹ ayùn wò ná bóyá òun fúnra rẹ̀ tọ́.

Àyè ẹ̀yìn ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Bó bá fi ìnípọn bébà kan fẹ̀ ju iwájú lọ, kò léwu. Bó bá fún ju iwájú lọ, igi á há sáàárín fẹ́ǹsì àti ayùn. Eyín ẹ̀yìn tó ń ti abẹ́ tábìlì jáde bọ̀ á gbé e jù padà sáyà ẹni tó ń tì í. Kó tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ igi sábà máa ń jó dúdú, èéfín á máa rú. Kí ẹ tó la igi, ẹ rẹ ayùn sílẹ̀ kó fi díẹ̀ ga ju pákó lọ. Ẹ má dúró lọ́gangan rẹ̀, igi kékeré ni kí ẹ sì fi ti pákó, kì í ṣe ìka.

Bí ẹ bá ń wọn 32, ẹ wọ̀n ọ́n dé orí eyín tó kọjú sí fẹ́ǹsì, kì í ṣe àárín ayùn. Ayùn fúnra rẹ̀ ń jẹ bíi mìlímítà 3 lára igi. Èmi kò fọkàn tán téèpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ la igi mẹ́wàá lára àjẹkù pákó, ẹ tò wọ́n pọ̀, ẹ wọn gbogbo rẹ̀: 320 ni kó jẹ́. Bó bá jẹ́ 325, fẹ́ǹsì ti fi ìdajì mìlímítà jìnnà jù. Ẹ sún un mọ́ ayùn, kí ẹ tún la mẹ́wàá mìíràn.