Tí èèyàn yín tó ń lo oògùn olóró bá wà lẹ́wọ̀n, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe rèé

Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ọkàn wọn máa ń balẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n ti gbé ọmọ wọn lọ sẹ́wọ̀n, wọ́n á ní ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ láá ti jáwọ́ nínú trámọ̀ (tramadol) àti kolorádò (igbó àtọwọ́dá). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́kàn lé e. Wọ́n tì í mọ́lé ni, wọn ò tíì tọ́jú ẹ̀. Igbó ń wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, oògùn náà ń wọ̀ ọ́, ẹni tí ò bá sì rí owó rà á, ara ẹ̀ ṣì ń bèèrè ẹ̀. Ìgbà méjì ló léwu jù: ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ tó wọlé, àti ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tó bá jáde. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́.

Bó bá ṣe ń wọlé báyìí, ẹ wá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà klíníìkì ibẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ sọ ohun tó ń lò fún wọn, bó ṣe ń lò ó tó lójúmọ́, àti ìgbà tó lò ó kẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dì yín lẹ́nu o, torí ohun tí wọn ò bá mọ̀, wọn ò lè tọ́jú ẹ̀. Òfin Mandela tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2015 sọ pé kí oníṣègùn tètè yẹ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀wọ̀n wò, kó sì wò ó bóyá àìrí oògùn tàbí ọtí ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tẹ́nikẹ́ni bá ní ìyẹn ò kan àwọn, ẹ fi pẹ̀lẹ́ rán wọn létí.

Ẹni tó ti mọ́ra pẹ̀lú trámọ̀, kódíìnì tàbí heroin, tí ò rí i mọ́, á máa yán ṣáá, imú àti ojú ẹ̀ á máa ṣomi, á máa làágùn, òtútù á tún máa mú un, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa ta fúnra ẹ̀ lóru tí ò ní lè sùn, á máa bì, á sì máa yàgbẹ́ gbuuru. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló sábà máa ń le jù. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní sẹ́ẹ̀lì lè ní ibà ni, ẹlòmíì á ní ẹ̀mí burúkú ni, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lé e lórí nígbà tí omi ń tán lára ẹ̀. Omi ló nílò kíákíá. Ẹ ra ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà inú páálí tí wọ́n ń pò mọ́ omi, fún klíníìkì, tí ò bá sì sí, ẹ po omi tó mọ́ lítà kan pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tó tẹ́jú àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà lè fún un ní oògùn èébì, ti ìgbẹ́ gbuuru àti ti ara ríro.

Ti ọtí àti rofí (Rohypnol, oògùn amúnisùn) yàtọ̀ gan-an. Ẹni tó ń mu ògógóró tàbí paraga látàárọ̀ dalẹ́, tó wá dúró lójijì, ọwọ́ ẹ̀ lè máa gbọ̀n, kó máa rí ohun tí ẹlòmíì ò rí, kí gìrì mú un, ó sì lè kú. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ní kó fara dà rárá, dókítà ló máa fún un ní oògùn tí wọ́n á máa dín kù díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú fítámì B1. Tẹ́ ẹ bá lọ kí i tẹ́ ẹ sì rí irú ẹ̀, ẹ má kúrò ní géètì títí tí wọ́n á fi pe oníṣègùn.

Ẹ má fi oògùn kankan pamọ́ sínú oúnjẹ o, kódà kó jẹ́ ti orí fífọ́. Wọ́dà máa tú ẹ̀bà yẹn, wọ́n á bu búrẹ́dì sí wẹ́wẹ́, ẹ̀yin náà lè di ẹlẹ́jọ́. Ẹ mú un wá pẹ̀lú ìwé dókítà, kẹ́ ẹ fà á lé klíníìkì lọ́wọ́. Dípò owó, ẹ fún un ní gààrí, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì, torí owó lọ́wọ́ ẹni tí oògùn ń pè kì í pẹ́ dọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Tí ara bá ti fúyẹ́, ọ̀rọ̀ sísọ ló kù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ pọ̀ sí. NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 0800 1020 3040, ẹ pè é kẹ́ ẹ bèèrè ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro l'Abẹ́òkúta àti ti Yábàá l'Ékòó náà ń tọ́jú irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹ bá wọn sọ ọ́ ṣáájú kó tó jáde. Nígbà tẹ́ ẹ bá lọ kí i, ẹ má kàn bi í pé "ṣó o ti jáwọ́?", torí irọ́ láá pa fún yín. Ẹ bi í pé "ìgbà wo ló máa ń wù ẹ́ jù?", kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́.

Ọ̀pọ̀ tó wà lẹ́wọ̀n wa ni wọn ò tíì dá ẹjọ́ wọn, adájọ́ lè dá wọn sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan láìròtẹ́lẹ̀, torí náà ẹ ti ṣètò ọjọ́ yẹn sílẹ̀ látìsinsìnyí: ta ló máa lọ mú un, ilé ta ló máa sùn. Kó má padà sí jọ́ńkíṣọ̀n àtijọ́, kó má sì dá sùn.

Ìdí rèé. Tó bá ti pẹ́ tó ti lò ó kẹ́yìn, ara ẹ̀ ò lè gba ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́, tó bá gbé iye yẹn mì, èémí ẹ̀ lè dúró. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2007 ní ìpínlẹ̀ Washington l'Amẹ́ríkà fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ téèyàn jáde lẹ́wọ̀n, ewu kí àlòjù oògùn pa á fi ìlọ́po 129 ju ti ará ìlú yòókù lọ. Ní Rhode Island, ìpínlẹ̀ mìíràn l'Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní methadone àti buprenorphine, oògùn tí dókítà fi ń rọ́pò heroin kí ara má bàa máa bèèrè ẹ̀, lọ́dún 2016, wọ́n sì ń bá a lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, iye àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tí àlòjù oògùn ń pa dín kù ju ìdajì lọ. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ṣòroó rí nílẹ̀ wa, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi pọ̀ lọ́rùn ìdílé tó bẹ́ẹ̀.

Sọ fún un gbangba kó tó jáde pé ìwọ̀n àtijọ́ lè pa á. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ẹ gbà á láyè, ẹ̀mí ẹ̀ lẹ fẹ́ dá sí. Tẹ́ ẹ bá sì bá a tó ń sùn tí ò jí, tó ń han-an-run lọ́nà tó ṣàjèjì, tí ètè ẹ̀ ti ń dúdú, ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ dojú ẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tó súnmọ́ jù, kẹ́ ẹ mú páálí oògùn tẹ́ ẹ bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ dání, kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ní naloxone, oògùn tó ń dá èémí ẹni tó lo heroin tàbí irú ẹ̀ ní àlòjù padà.